Lẹ́tà sí Àkànní, lórí kámẹ́rà tó ń há

Ìbàdàn,
Oṣù Kẹta.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà òtútù Jámánì. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ohun tí o sọ nípa kámẹ́rà tí ẹ̀ ń kọ driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo kámẹ́rà náà) fún, pé ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó dákẹ́ lójijì láìsọ ohun tó ṣe é, jọ ohun tí ojú èmi náà ti rí. (Ìyá mi gbọ́ nígbà tí mo ń kà á sókè, wọ́n sì béèrè pé irú dírẹ́bà wo ni ìyẹn tí mọ́tò máa ń kú mọ́ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà.)

O ní nígbà tí o tẹ ps, àṣẹ tó ń to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, láti mọ èyí tó há, ṣe ni ps fúnra rẹ̀ tún há. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fura pé deadlock ni, ìyẹn kí àwọn ètò máa dúró de ara wọn láìní òpin, àti pé mmap_lock, àgádágodo (lock) tó ń ṣọ́ memory ètò kọ̀ọ̀kan, wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ps tó lè ka àṣẹ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti inú /proc (ibi tí a ti ń ka ìròyìn àwọn ètò), kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ní láti gba mmap_lock ti ètò yẹn, bí ẹlòmíràn bá sì ti dì í mú tí kò fẹ́ fi sílẹ̀, ps náà yóò jókòó tì í.

Bí mo ṣe máa ń rò ó nìyí. Ká ní agbo ilé kan ní odó kan àti ọmọ odó kan ṣoṣo. Ìyálé ti gbé odó, ó ń dúró de ọmọ odó. Ìyàwó kékeré ti mú ọmọ odó, ó ń dúró de odó. Kò sí ẹni tó máa fi tọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí iyán lọ́jọ́ náà. Ní 1971 ni Coffman, Elphick àti Shoshani to ohun mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ pé kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀. Nínú kernel, mẹ́ta nínú wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ẹni méjì kò lè di mutex kan (irú lock kan ni) mú pọ̀, a kò lè já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, iṣẹ́ púpọ̀ ni kò sì ṣeé ṣe láìdi méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkẹrin nìkan ló kù, ìyẹn ni pé kí ìdúró náà yí po di òrùka, a sì ń dènà rẹ̀ nípa pé kí gbogbo ilé gbà pé odó ni a ó máa kọ́kọ́ gbé.

Ìwọ gbára lé khungtaskd, aṣọ́nà inú kernel tó ń kọ ọ́ sínú dmesg (àkọsílẹ̀ ìròyìn kernel) pé ètò báyìí ti dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 120 lọ. N kò kó iyán rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n akéde òkú ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o tàn sórí ẹ̀rọ ìdánwò rẹ ni lockdep, iṣẹ́ Ingo Molnár, tó wọ inú Linux 2.6.18 ní 2006. CONFIG_PROVE_LOCKING ni o máa yàn nígbà tí o bá ń kọ́ kernel. Lockdep kì í dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá há. Ó dà bí ìyá àgbà kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó ń fi sọ́kàn pé láàárọ̀ yìí, ẹnì kan di odó mú kó tó mú ọmọ odó. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ẹlòmíràn mú ọmọ odó tó sì nawọ́ sí odó, ìyá yóò pariwo, ìbáà jẹ́ pé onítọ̀hún nìkan ló wà nínú agbo ilé. Ṣebí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kì í sì í ṣe lock kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́, irú lock ni: inode (àkọsílẹ̀ kernel nípa fáìlì kọ̀ọ̀kan) lè pọ̀ bí eṣú lórí ẹ̀rọ rẹ, ohun tó bá kọ́ lára ọ̀kan, ó ti kọ́ ọ lára gbogbo irú rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, driver wa ní mutex kan tó ń dáàbò bo àwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bí ètò bá pe read láti béèrè àwòrán, a ó gba mutex, a ó fi copy_to_user kó àwòrán fún un, a ó wá tú mutex sílẹ̀. Kò sí ẹni tó rí àléébù kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibi tí ètò náà ní kí a kó àwòrán sí kò bá tíì sí nínú RAM, page fault ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kernel yóò sì lọ gba mmap_lock kó lè tún un ṣe. Mutex wa ló ṣáájú, mmap_lock ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni thread mìíràn (ẹ̀ka iṣẹ́ mìíràn) nínú ètò kan náà pe mmap, kó lè máa rí memory driver bíi tirẹ̀. Kernel ti di mmap_lock mú kó tó ké sí mmap inú driver wa, níbi tí àwa ti ń gba mutex. Mmap_lock ló ṣáájú níhìn-ín. Bí thread méjèèjì bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí.

Nítorí pé ibi tí a ń kó àwòrán sí sábà máa ń wà nínú RAM tẹ́lẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó há. A ń pa á, a ń tún un tàn. Ọ̀gá wa tiẹ̀ kọ pípa-àti-títàn agogo márùn-ún ìdájí sínú ètò iṣẹ́, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń bọ́ kámẹ́rà nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo tan lockdep, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi ké, nígbà tí ohunkóhun kò tíì há rárá. Ìdí ni pé copy_to_user máa ń pe might_fault, might_fault sì ń sọ fún lockdep pé ó ṣeé ṣe kí a gba mmap_lock níbí, yálà page fault wáyé tàbí kò wáyé. Ìlà tó kọ́kọ́ jáde ni "WARNING: possible circular locking dependency detected". Má ṣe jẹ́ kí gígùn ìròyìn náà bà ọ́ lẹ́rù. -> #0 ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, -> #1 ni ohun tó ti rí tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní stack tirẹ̀ (àtòjọ ibi tí kóòdù gbà kọjá kó tó débẹ̀). Àwòrán kékeré CPU0 àti CPU1 tó wà nísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹjú mọ́. Èmi kì í kà á títí n ó fi ka stack méjèèjì tán, nítorí inú wọn ni mo ti rí orúkọ read wa àti mmap wa.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le: a kó àwòrán sínú ibi ìpamọ́ tiwa nígbà tí mutex ṣì wà lọ́wọ́, a tú mutex sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a tó pe copy_to_user.

Bí lockdep bá ti ké lẹ́ẹ̀kan, ó ti pa ara rẹ̀ nìyẹn títí o ó fi tún ẹ̀rọ tàn, nítorí náà tún ti àkọ́kọ́ ṣe kí o tó máa wá òmíràn. Ọ̀nà tí kóòdù rẹ kò bá gbà rí, kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí náà pe read, pe mmap, kí o sì fa kámẹ́rà yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó máa ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, má ṣe gbé e fún oníbàárà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o fi mutex_lock_nested (tó ń sọ fún lockdep pé kó ka lock yìí sí ọ̀tọ̀) pa á lẹ́nu mọ́, kọ́kọ́ ní kó fi hàn ọ́ lórí ìwé pé òrùka náà kò lè pé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi bo ojúlówó deadlock mọ́lẹ̀. Má sì pa khungtaskd, nítorí pé ẹni tó há sínú wait_for_completion (tó ń dúró kí iṣẹ́ kan parí), lockdep kì í sábà rí i.

Fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe jáde gẹ́lẹ́, láti ìlà WARNING títí dé ìsàlẹ̀ stack backtrace. Má gé e.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní.