Ẹ Bó Ọ̀dà Àtijọ́ Kí Ẹ Tó Kun Tuntun

Sí Olóòtú,

Inú mi dùn sí bí ọ̀pọ̀ ìdílé Àgùdà, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tó ti Brazil padà wálé, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ṣe ń tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè onípákó ilé bàbá wọn ṣe kí ọdún Bonfim tí àwọn Àgùdà máa ń ṣe ní oṣù kìíní tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n ń kùn lé pákó tí oòrùn àti òjò ti sọ di eléérú. Á dán títí ọdún á fi parí, nígbà tí òjò oṣù kẹrin bá sì dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí awọ ejò, nítorí pé ara òkú igi ni ó lẹ̀ mọ́.

Àwọ̀ eérú yẹn kò jinlẹ̀. Bí a bá fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀, àwọ̀ ìrókò á yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ti rí i kò ní fẹ́ fi ọ̀dà bò ó mọ́. Àmọ́ bí ọ̀bẹ bá rì wọlé láìnira, pákó náà ti jẹrà, ká pààrọ̀ rẹ̀ ló kù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà àtijọ́ tó ṣẹ́kù lára pákó gba ìṣọ́ra, nítorí pé òjé (lead) lè wà nínú èyí tí wọ́n kùn láyé àwọn bàbá wa. Òjé yìí a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé gbígbé ní ọdún 1978. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ ìfági lé ọ̀dà gbígbẹ kí eruku rẹ̀ máa fò kiri àgbàlá. Oògùn tí ń bó ọ̀dà ni kí ẹ fi rọ̀ ọ́, kí ẹ ha á kúrò nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ pákó náà mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tu omi fọ ọkọ̀ a máa fa ara igi ya.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ gbẹ ẹ́ dáadáa. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi òòlù rì orí ìṣó wọlé, kó fi sáńpépà nọ́ńbà 60 bẹ̀rẹ̀, kó fi nọ́ńbà 80 tó kúnná díẹ̀ jù ú lọ parí, kó bo imú, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa tọ ìlà igi, torí pé àpá èyí tí a bá fá ní ìbú kì í bọ̀rọ̀ parẹ́. Àwọn kan a máa fẹ́ fi èyí tó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ dán an, ṣùgbọ́n pákó ìta tó bá dán jù kì í fa òróró mu, ẹsẹ̀ a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Òróró tí wọ́n fi ń pa igi ni mo fara mọ́ ju ọ̀dà lọ, nítorí pé kì í bó. Bí ó bá ṣá, a kàn ń fi òmíràn pa á ni. Àkísà tí ẹ bá fi pa á, ẹ má ká a jọ sí igun ilé, torí pé ó lè gbiná fúnra rẹ̀: ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́.