Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Jẹ Mí Lówó Iṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi obìnrin ti ríṣẹ́. Wọ́n kọ owó oṣù rẹ̀ gedegbe sínú lẹ́tà tí wọ́n fún un, àti ọjọ́ tí wọn yóò máa san án. Inú mi dùn, mo gbàdúrà fún un. Nígbà tó sùn tán, mo tún lẹ́tà náà kà, ẹ̀yin lẹ sì wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ mọ àdéhùn wa. Èmi á máa ṣe ìwé owó yín, màá máa dá àwọn oníbàárà lóhùn, màá máa ṣọ́ sìmẹ́ǹtì tó wọlé àtèyí tó jáde; ẹ̀yin á fi àwọn òṣìṣẹ́ yín kọ́ yàrá sórí ilẹ̀ mi. A ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ògiri dé ojú fèrèsé, ibẹ̀ ló dúró sí. Èmi ò dúró.

Ìparí oṣù ló máa ń ká mi lára jù. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó máa gbowó: bíríkìlà, lébìrà, awakọ̀, ọlọ́dẹ. Màá fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn, màá ka owó fún kálukú, wọ́n á fọwọ́ sí i. Orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀ rí.

Mo fara da ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ti ọjọ́ tí oníbàárà yín kan béèrè pé eélòó lẹ̀ ń san fún mi, torí ó rí bí mo ṣe ń sáré sókè sódò. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Èwo lowó? Ọmọ ilé mà ni." Mo wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ìwé owó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ò tiẹ̀ wojú mi. Ẹ̀yin lẹ gbà mí sílé lẹ́yìn tí ìyá mi jáde láyé, ẹ̀yin lẹ ra bàtà tí mo wọ̀ lọ sílé ìwé gíga. Mi ò gbàgbé. Ṣé oore yẹn lẹ fi ń sanwó iṣẹ́ mi ni? Tó bá jẹ́ gbèsè ni, ẹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é, kí n mọ èyí tó kù. Títí dòní, mo máa ń jí lóru, màá máa bá yín dá ọkùnrin yẹn lóhùn: "Àdéhùn wà láàárín wa. Mò ń kọ́lé fún un." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mo fẹ́ gbọ́.

Mo ti lọ bá agbẹjọ́rò. Ẹ má bínú. Ó ní àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni, bí ẹ̀rí bá ti wà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló sì kún inú àwọn ìwé owó yín. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá òṣìṣẹ́ yín ni mí tàbí ẹni tó ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, torí òfin ò dáàbò bo méjèèjì bákan náà. Fún òṣìṣẹ́, àdéhùn tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lórí owó iṣẹ́ ní 1949 gbà kí wọ́n fi nǹkan mìíràn dípò apá kan owó náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, iye tí wọ́n bá sì bù lé nǹkan ọ̀hún gbọ́dọ̀ tọ́. Bí mi ò bá tilẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ yín, ilé ẹjọ́ lè ní kí ẹ san iye tí iṣẹ́ mi tó. Ó wá kìlọ̀ pé irú ẹjọ́ báyìí ní gbèdéke. Bí ó bá pẹ́ jù, wọ́n lè má gbọ́ ọ mọ́.

Mi ò fẹ́ kóòtù. Ẹ jẹ́ ká jókòó, ká ṣírò iṣẹ́ mi, ká ṣírò ògiri tó wà nílẹ̀ yẹn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fún mi ní ìyókù. Mo nílò rẹ̀. Onílé mi ti ní òun fẹ́ lo yàrá òun. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ìwé owó tí mò ń bá àwọn èèyàn ṣe sì ti dínkù. Ọmọ mi ní òun á máa san owó ilé fún mi. Kò tíì gba owó oṣù àkọ́kọ́, mo sì ti ń ronú bí mo ṣe máa ná an. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa san gbèsè yín. Ẹ pè mí kí oṣù yìí tó parí, kí n mọ èsì tí màá fún onílé.

Èmi àbúrò yín.