Lẹ́tà sí bọ̀dá mi tí ooru ń dà láàmú ní London

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ooru o. Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì yín láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ̀rín ni mo fi gbọ́ ọ, torí bí ẹ ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru omi gun òkè, tí ẹ ní ooru ti fẹ́ẹ̀ pa yín, tí ẹ ní àwọn ọmọ ò rí oorun sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, inú ilé ti di ààrò búrẹ́dì, èmi tí mò ń gbọ́ ọ rèé, súwẹ́tà ni mo wọ̀, òjò ti ń rọ̀ ní Òkè-Bàálẹ̀ níbí ní Òṣogbo láti ìdájí, tíì gbígbóná ni mo fi ń lé òtútù. Mo ní háà, ayé yí. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo wá gbọ́ ibi tí ẹ ti ní, "Báwo ni Màámi ṣe máa ń ṣe é gan-an tí yàrá wọn fi máa ń tutù?" Ẹ wá rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ ò tiẹ̀ rántí mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo fẹ́ fi fọ́ìsì dá yín lóhùn, ohùn mi ò jẹ́, ni mo bá ní kí n kúkú tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ bi mí. Wíńdò yín lẹ̀ ń ṣe ní àṣìṣe. Mo rí i nínú fídíò yẹn, ọ̀sán gangan, gbogbo ẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ gbàgàdà, ẹ ní kí atẹ́gùn lè wọlé. Atẹ́gùn wo? Ooru lẹ̀ ń pè wọlé yẹn o. Màámi kì í ṣí wíńdò bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, wọ́n á ti pa èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn dé, wọ́n á fa kọ́tìnì, yàrá á ṣókùnkùn. Tí oòrùn bá ti rékọjá sẹ́yìn ilé, wọ́n á lọ ti tẹ̀yìn. Wọ́n kàn ń bá oòrùn yí ilé po ni. Ó di alẹ́, tí ìta bá ti tutù ju inú ilé lọ, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ṣí tiwájú tẹ̀yìn, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé kó gba ìkejì jáde. Ilé tiyín lọ́hùn-ún tún wá le, torí òtútù ni wọ́n kọ́ ọ dè, bó ṣe ń di ooru mú nígbà yìnyín náà ló ń dì í mú báyìí. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ wá aṣọ funfun kan ta sí ojú wíńdò láti ìta, kì í ṣe láti inú. Tí oòrùn bá ti kọjá gíláàsì, kọ́tìnì ò lè dá gbogbo ẹ̀ padà mọ́.

Fáànù, ẹ gbé e sẹ́nu wíńdò lálẹ́ kó kọjú síta, kó máa ti ooru jáde, kí wíńdò kejì wà ní ṣíṣí. Ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì sómi, ẹ fún un, kí àwọn ọmọ fi lé ọrùn, kí wọ́n wá jókòó síwájú fáànù. Ṣùgbọ́n tó bá lọ dé irú ti July 19 ọdún 2022 yẹn, tí ooru wọ dígírì 40.3 Celsius ní Coningsby ní England lọ́hùn-ún, tí ẹ gbé e sí status yín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn, ẹ má fọkàn tán fáànù mọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló kàn máa máa fẹ́ sí yín lára. Omi ni kí ẹ máa wẹ̀ nígbà yẹn.

Ní ti tòmátì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ gbìn sẹ́yìn ilé, mo rí wọn, wọ́n ṣe mí láàánú. Ẹ má bomi rin wọ́n lọ́sàn-án torí pé ewé rọ. Ewé tòmátì máa ń rọ nínú oòrùn bí ilẹ̀ tiẹ̀ tutù, ìrọ̀lẹ́ á tún gbé e dìde. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì, tó bá tutù, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín ní ìdájí, ẹ rọra dà á sí ìdí ẹ̀, kì í ṣe sórí ewé, kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó wọlẹ̀ dáadáa, ó dáa ju kí ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ike dúdú tí ẹ gbìn wọ́n sí yẹn ń gba oòrùn mu, ẹ kó wọn jọ kí wọ́n máa ṣíji bo ara wọn. Koríko tí ẹ gé tí ẹ fẹ́ kó dànù, ẹ má kó o dànù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi bo ilẹ̀ ìdí wọn. Ẹ ò rántí bí Màámi ṣe máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bo ìdí ata? Ẹ̀yin lẹ kúkú máa ń ráhùn pé ejò á sá síbẹ̀.

Àmù wọn ńkọ́. Iyanrìn tutù lábẹ́ ẹ̀, igbá lórí ẹ̀, ara ẹ̀ á máa làágùn. Làágùn yẹn gan-an ló ń mú un tutù, omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bó ṣe ń lọ ló ń gbé ooru dání. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ ló máa ń tutù jù, ní àsìkò òjò tí atẹ́gùn fúnra ẹ̀ ti rin gbindin báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Mo ti wá sọ tèmi di fìríìjì. Fìríìjì gidi ti kú láti February, iná tí wọ́n ń mú tí wọ́n ń gbé wá ló pa á. Ọmọ kan ní àdúgbò wa ló sọ fún mi nípa olùkọ́ kan láti ilẹ̀ Hausa, Mohammed Bah Abba, tó gba ẹ̀bùn Rolex Award ní 2000 torí ìkòkò. Ìkòkò lásán o! Ẹ gbé kékeré sínú ńlá, ẹ ki iyanrìn sáàárín wọn, ẹ da omi sí iyanrìn yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi aṣọ tutù bo ẹnu ẹ̀. Tòmátì àti ata lè lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ẹ̀ lókè Ọya níbi tí atẹ́gùn ti gbẹ. Tèmi níbí ò lò tóyẹn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí n máa gbé ata kíkẹ̀ dànù lọ.

Ó dáa. Mo ti dáhùn.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe wíńdò ló ń mú yàrá Màámi tutù. Kì í ṣe àmù. Igi máńgòrò ni.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè mí ni mo máa ń gbé e mì. Ẹ̀yin lẹ bèèrè lónìí. Igi tí wọ́n gbìn lọ́dún tí wọ́n bí yín, tí wọ́n ri ibi ọmọ yín mọ́ ìdí ẹ̀, tí òjìji ẹ̀ máa ń bo pánù yàrá wọn láti aago méjìlá títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹ wálé ní December, ẹ ní ewé ẹ̀ ń dọ̀tí, ẹ ní gbòǹgbò ẹ̀ á la ògiri, ẹ ní ilé tí ẹni ìlú òyìnbó ń wá sí kò gbọdọ̀ rí báyìí, ẹ fẹ́ fi íńtálọ́kì sí i. Ẹ ò bi Màámi. Ẹ ò bi èmi tí mò ń gbé inú ilé. Àwọn agégi gbé ẹ̀rọ wọn dé ní aago méje àárọ̀, kí aago mọ́kànlá tó lù, ojú ọ̀run ti dé àárín agbo ilé wa.

Tí aago mẹ́rin bá lù, ẹ mọ̀ pé àkókò Màámi nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn náà, wọ́n gbé àpótí wọn jáde, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà lé itan, wọ́n lọ jókòó síbi tí wọ́n ti máa ń jókòó. Igi ò sí níbẹ̀ mọ́, oòrùn ń ràn wọ́n lórí gbáú, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ẹyọ kan, wọ́n á gbé e sókè wò, wọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gèlè wọn ti rin fún òógùn. Ayùn ti fọ́n lẹ́búlẹ́bú igi sí gbogbo ilẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Mo gbé agboòrùn lọ, wọ́n kàn ju ọwọ́ pé kí n gbé e padà. Ẹ̀yin àti bíríkìlà ń ka òkúta íńtálọ́kì lẹ́bàá géètì, ẹ pariwo láti ọ̀hún pé, "Màámi, ẹ kúrò nínú oòrùn yẹn!" Wọn ò wojú yín. Wọ́n ní, "Oòrùn ló wá bá mi, èmi kọ́ ni mo lọ bá a."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún bíríkìlà pé ìyá yín mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ gbólóhùn yẹn létí mi. Màámi náà ò sì yẹ ibẹ̀ sílẹ̀, lórí íńtálọ́kì yín ni wọ́n ń gbé àpótí lé, òkúta tó ń gba oòrùn mu látàárọ̀ tó ń bì í jáde lóru, tó jẹ́ pé aago mẹ́wàá alẹ́ tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ òfìfo tẹ̀ ẹ́ ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. March tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ.

Mi ò sọ pé igi ló pa wọ́n o. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára wọn tipẹ́. Ohun tí mi ò sọ fún yín rí ni pé nọ́ọ̀sì bi mí lọ́jọ́ yẹn pé, ṣé wọ́n ń mu omi dáadáa? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ara wọn kì í sọ fún wọn mọ́, ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ máa rántí. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà látàárọ̀, mo gbé ike omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí n tó jáde, nígbà tí mo padà délé ní ìrọ̀lẹ́, bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ náà ni mo bá a, ìdérí ẹ̀ ò tiẹ̀ tíì já.

Torí náà ìyá ìyàwó yín tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má dúró kí wọ́n tó ní àwọn fẹ́ mu omi. Ẹ gbé e fún wọn, kí ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi mu ún tán. Tí ó bá ń rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ti làágùn jù tàbí tí wọ́n bì, lítà omi kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò kún yéye, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ẹ pò ó pọ̀. Tí wọ́n bá ń sọ kántankàntan tàbí tí ara wọn gbóná tí kò làágùn mọ́, ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ máa da omi sí wọn lára kó tó dé. Ẹ má pe èmi.

Ẹ má bínú. Òjò yìí ló ń mú mi sọ báyìí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru yàrá yẹn bá fẹ́ lé mi síta, ẹ mọ ibi tí mo máa ń lọ? Igbó Ọ̀ṣun. Láti ẹnu géètì lara á ti mọ̀ pé igi wà níbẹ̀. Látayébáyé, èèwọ̀ ni kí wọ́n gé igi níbẹ̀, UNESCO pàápàá ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti 2005. Èmi ọmọ bíbí Òṣogbo, mo máa ń sanwó ní géètì kí n tó rí ibòji jókòó sí.

Ní báyìí oòrùn tí ẹ ń sá fún lọ́hùn-ún ni mò ń wá kiri. Ọdún Ọ̀ṣun ti fẹ́ẹ̀ dé, August kò jìnnà mọ́, gbogbo ẹni tó fẹ́ ra àdìrẹ ló fẹ́ gbà á kó tó di ọjọ́ ọdún, oníbàárà kan ní Lagos ti san ìdajì owó, mo sì ti fi ra yádì àti aró tán. Aṣọ ń jáde láti inú aró, ó dúdú dáadáa, kò gbẹ. Pálọ̀ ni mo ta wọ́n sí, láti orí ilẹ̀kùn dé ojú wíńdò, gbogbo ilé ń rùn, aró ń kán sórí àga Màámi. Iná ò sí kí n fi fáànù sí i. Owó ilé ìwé ọmọ ń bọ̀ ní September.

Lánàá, omi wọ yàrá. Yàrá Màámi náà ni, èmi ni mò ń sùn níbẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ ò rí àyè mu omi mọ́ láti ìgbà tí íńtálọ́kì ti bò ó, gbogbo òjò agbo ilé ló ń ṣàn wá síbi ìlẹ̀kùn, aago méjì òru ni mo dìde tí mò ń fi abọ́ gbọ́n ọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bíríkìlà wá wò ó láàárọ̀ yìí kan náà tí ẹ ń bi mí bí yàrá ṣe ń tutù. Ó ní ká yọ ìlà mẹ́ta kúrò lẹ́bàá ògiri, ká jẹ́ kí ilẹ̀ mí. Owó iṣẹ́ tó dá lé mi pọ̀ jù, mo ní kó máa lọ.

Òjò dá díẹ̀ lọ́sàn-án. Mo mú irin wá láti ilé ìdáná, mo jókòó lórí àpótí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí igi wà. Mo ti yọ mẹ́rìnlá. Mi ò bi yín kí n tó yọ ọ́.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.

Àbúrò yín