Kí awakọ̀ bàálù kékeré tètè pe àwọn ológun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti bá àwọn ọmọ Àkúrẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ wíwa bàálù kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn.

Lọ́hùn-ún, ojú òfuurufú tó wà níkàáwọ́ ológun sábà máa ń fẹ̀ tó máìlì orí òkun 5 yí pápákọ̀ wọn ká, ó sì ga tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Òfin kò fi dandan mú awakọ̀ aládàáni láti gbàṣẹ kó tó kọjá níbẹ̀, àyàfi ní àárín gbùngbùn tó sún mọ́ pápá gan-an. Síbẹ̀, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi dákẹ́. Kí ó pè wọ́n lórí rédíò nígbà tó bá ku máìlì 15 tàbí ìṣẹ́jú 5, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kí ó sọ ibi tó wà, bó ṣe ga tó àti ibi tó ń lọ, nítorí eré bàálù ogun kì í jẹ́ kí ojú tètè rí i.

Nígbà tí ọmọ náà wálé, ó fi máàpù rẹ̀ hàn mí: ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà rédíò pápá kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.