Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Àtúnṣe Ọkọ̀ Tí Ilé-iṣẹ́ Adójútòfò Ń Sanwó Rẹ̀

Sí: Alága àti gbogbo Káńsílọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀

Láti ọ̀dọ̀: Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ara ọkọ̀, ìyẹn àwa panẹ́ẹ̀lì-bítà, wẹ́dà, afọ́n-ọ̀dà, ríwáyà àti àwọn tó ń pààrọ̀ gíláàsì

Ẹ̀yin aláṣẹ wa,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé wa wá síwájú yín. Bí ọkọ̀ bá ní ìjàǹbá, tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì fẹ́ sanwó àtúnṣe rẹ̀, ta ló yẹ kó sọ bí wọn yóò ṣe tún un ṣe? Lónìí, ẹni tó ń sanwó ló ń sọ ọ́, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé fótò tí wọ́n fi fóònù yà nìkan ló wò kó tó sọ ọ́. Ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sílẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ fi agbára tí ẹ ní lórí ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù bá wa tọ́ ọ̀rọ̀ yìí sọ́nà.

Orí bọ́ńpà ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí à ń rí níta, ike lásán ni. Bí nǹkan bá gbá a, ó lè wọnú lọ kó sì tún ta padà, kó má ku ju ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ lára ọ̀dà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Fóòmù tó ń gba ìkọlù wà níbẹ̀, irin ìdábùú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí irin méjì tó so irin náà mọ́ ṣásì, tí wọ́n dìídì ṣe kó lè rún kí ṣásì má bàa tẹ̀. Férémù tó di rédíétọ̀ mú tún wà, pẹ̀lú etí ike tó gbé iná iwájú dúró, wáyà àti sẹ́ńsọ̀. Adíyelé, ìyẹn ẹni tó ń díye lé àtúnṣe fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tó bá wo fótò yóò kọ ọ́ pé kí a kun bọ́ńpà, yóò fún un ní wákàtí díẹ̀, yóò sì fi ìwé ránṣẹ́ sí onímọ́tò bí ẹni pé iye tó máa ná an gan-an nìyẹn. Nígbà tí a bá tú u, àpótí irin kan ti ká, etí iná méjì ti kán. A ní láti béèrè àfikún owó, wọ́n á sì sọ fún onímọ́tò pé a fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ike la sọ, fótò kò sì lè rí i.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, a ó fi kọ̀ǹpútà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, a ó sì tẹ gbogbo kóòdù àṣìṣe tó bá gbé jáde sórí ìwé. Lẹ́yìn náà la ó tú gbogbo ẹ̀gbẹ́ tí ìkọlù kàn, a ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó bàjẹ́, a ó ya fótò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà náà, a ó sì tò wọ́n síbi kan títí adíyelé yóò fi fojú ara rẹ̀ rí wọn. Bí ìkọlù bá dé ṣásì, a ó gbé ọkọ̀ náà sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n, a ó fi ìwọ̀n rẹ̀ wé tinú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Mìlímítà mẹ́ta ni ààlà tí a sábà máa ń gbà láàyè. Ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, táyà yóò máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kí ọkọ̀ máa fà sí apá kan, aláímẹ́ǹtì kankan kò sì ní í tún un ṣe. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó ṣeé ṣe láti kọ iye owó tó dúró. Ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú ìtúpalẹ̀, ìfojúdá ni.

Ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ náà ń fa àríyànjiyàn. Ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn adíyelé ń lò ní iye wákàtí fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ̀yà tuntun tí wọ́n ń fi sára ọkọ̀ tuntun tí kò ní ìbàjẹ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Kò sí bóòtù tó dípẹtà nínú rẹ̀, kò sí ike ìdènà tó ń kán bí a bá fà á, kò sí wákàtí tí a fi ń na irin tó ká mọ́ ara kí ilẹ̀kùn tó lè ṣí. Bí a bá kọ wákàtí wọ̀nyẹn sílẹ̀, wọ́n á fi pẹ́ẹ̀nì fagi lé e.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ibi tó ń bà wá lẹ́rù jù ni irin. Ìgbà kan wà tí gbogbo ara ọkọ̀ jẹ́ irin rírọ̀: a ó fi iná yọ́ ọ díẹ̀, a ó fi òòlù lù ú, ó parí. Ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òpó àárín ilẹ̀kùn méjì, ní etí òrùlé àti nínú ilẹ̀kùn, wọ́n máa ń lo irin tí wọ́n mú gbóná tó nǹkan bíi 900 °C, tí wọ́n sì tẹ̀ láàárín mọ́ọ̀dù irin tútù kó lè le lójijì. Agbára rẹ̀ lè tó 1,500 MPa (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ agbára irin), ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti irin rírọ̀. Irú irin yìí kì í gba òòlù, kì í sì í gba iná. Bí wẹ́dà bá mú un gbóná títí tó fi pọ́n kó lè nà án, ó ti sọ ọ́ di irin rírọ̀, ojú lásán kò sì ní í mọ̀ ọ́n. Òpó náà yóò dúró dáadáa, ọ̀dà yóò dán lórí rẹ̀, yóò sì ká wọlé bá ẹni tó jókòó níbẹ̀ nígbà ìkọlù kejì. Pípààrọ̀ ni tirẹ̀, níbi tí ìwé ilé-iṣẹ́ bá ní kí a ti gé e. Síbẹ̀ a ń gba ìwé tó ní kí a "nà án".

Bẹ́ẹ̀ ni ojú àsopọ̀. Ọkọ̀ kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ibi tí iná ti mú irin méjì lẹ̀ mọ́ra. Kí a tó so ẹ̀yà tuntun, a ní láti mú àjákù irin méjì tó nípọn bí ti ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́, kí a so wọ́n pọ̀, kí a sì fi ẹ̀mú ya wọ́n. Bí àsopọ̀ náà bá dára, irin kan yóò ya ihò, ìdì kékeré yóò sì kù lára èkejì. Bí méjèèjì bá kàn tú láìya nǹkan kan, iná ẹ̀rọ kò tó, tàbí ọ̀dà wà láàárín, tàbí orí ẹ̀rọ ti jẹ. A ó tún ẹ̀rọ tò, a ó tún dán an wò. Ìdánwò yìí ń gba àkókò àti irin, àwọn tó ń sanwó kì í sì í fẹ́ kà á sí iṣẹ́. Bákan náà ni òróró ìda tí a ń fọ́n sínú ihò irin lẹ́yìn ìsopọ̀ kó má bàa dípẹtà láti inú wá.

Ohun tí àìbìkítà sí ìlànà yìí lè dá sílẹ̀ ti hàn ní gbangba. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀bù kan pààrọ̀ òrùlé Honda Fit ọdún 2010 kan tí yìnyín bà jẹ́, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ dípò kí wọ́n fi iná so ó bí ìwé ilé-iṣẹ́ ṣe wí. Tọkọtaya kan ra ọkọ̀ náà ní àlòkù láìmọ nǹkan kan. Ní ọdún 2013 wọ́n ní ìjàǹbá, ọkọ̀ náà rún mọ́ wọn lára ju bó ṣe yẹ lọ, iná sì mú un. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀bi lé ṣọ́ọ̀bù náà, owó tí wọ́n bù lé e sì lé ní mílíọ̀nù 31 dọ́là. A ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan irin ni wọ́n ń pè.

Éábáàgì, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde láti gba èrò lọ́wọ́ ìkọlù, àti bẹ́líìtì ìjókòó kì í gba ìdúnàádúrà. Èyí tó bá ti bẹ́ kò ṣeé tún lò. Bẹ́líìtì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti fà le nígbà ìkọlù, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí aṣọ rẹ̀ kò bá ya. Àwọn kan wà tí wọ́n ń so rẹ̀sísítọ̀ kékeré, ẹ̀yà iná tó ń tan ọpọlọ ọkọ̀ jẹ, mọ́ wáyà níbi tí éábáàgì yẹ kó wà, kí iná pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù lè kú. Iná náà yóò kú lóòótọ́, inú ìdérí yóò sì ṣófo. Ẹni tó bá ṣe èyí, kí ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa la ní kí ẹ ṣe é.

Gíláàsì iwájú náà kì í ṣe gíláàsì lásán mọ́. Éábáàgì èrò iwájú ń fara ti gíláàsì náà nígbà tó bá bẹ́, nítorí náà gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ gíláàsì náà gbọ́dọ̀ gbẹ tó iye àkókò tí wọ́n kọ sára agolo kí ọkọ̀ tó jáde. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní kámẹ́rà lókè gíláàsì náà, òun ló ń wo ìlà ojú pópó, tó sì ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ gíláàsì, a ní láti tún ojú kámẹ́rà náà tò, pẹ̀lú pátákó àmì tí a gbé síwájú ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tàbí kí a wa ọkọ̀ náà fún ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá sọ, àwọn mìíràn sì ń béèrè méjèèjì. Bí ojú rẹ̀ bá yà ní dígíríì kan péré, ní 100 mítà síwájú ó ti ṣìnà ní nǹkan bíi mítà 1.75. Ìyẹn tó láti ka ọkọ̀ tó wà ní ọ̀nà kejì sí èyí tó wà níwájú. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n sábà máa ń yọ kúrò nínú ìwé owó, wọ́n á ní iná àṣìṣe kankan kò tàn. Kámẹ́rà lè yà kí iná má tàn.

Ti ọ̀dà kò pọ̀. Ọ̀dà oníwúràwúrà gbọ́dọ̀ ràn díẹ̀ sórí ẹ̀yà tó kángun sí i kí àwọ̀ lè bára mu, kí wọ́n sì sanwó fún ìyẹn. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ rédà, èyí tó ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí ọkọ̀ tó, bá wà lẹ́yìn bọ́ńpà, a kò gbọ́dọ̀ fi púútì dí i, nítorí ó lè dí rédà náà lójú.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń darí onímọ́tò. Wọ́n á ní kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ìwé àwọn, wọ́n á ní bí ó bá lọ síbòmíràn, owó yóò pẹ́, àwọn kò sì ní í ṣe onídùúró fún iṣẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù inú ìwé wọn ti fọwọ́ sí i pé òun yóò dín owó kù, ibi tí yóò ti rí ohun tó dín kù yẹn fà yọ ni ẹ̀yà ayédèrú àti iṣẹ́ àfò. Onímọ́tò ló ni ọkọ̀, òun ló gba oníṣẹ́. Ojúṣe adójútòfò ni kó san ohun tí àdéhùn rẹ̀ wí. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1963, àṣẹ kóòtù de ẹgbẹ́ mẹ́ta ti àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò pé kí wọ́n má darí onímọ́tò sí ṣọ́ọ̀bù kan, kí wọ́n má sì pàṣẹ iye owó àtúnṣe.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ń kọ ẹ̀yà tí wọn kò pààrọ̀ sínú ìwé owó, tí wọ́n sì ń fi òòlù kún ìbàjẹ́ kí adíyelé tó dé. Wọ́n ń ba gbogbo wa lórúkọ jẹ́. Ìdí nìyí tí ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí fi kan tọ̀tún-tòsì.

A bẹ̀ yín kí ẹ fi í sínú ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù pé ìwé owó gbọ́dọ̀ sọ irú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní kedere: ojúlówó láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tàbí àlòkù tí a tú lára ọkọ̀ mìíràn, kí onímọ́tò sì fọwọ́ sí i kí a tó fi sára ọkọ̀. Àlòkù dára fún ilẹ̀kùn tàbí búùtù, kó má kan éábáàgì, bẹ́líìtì tàbí ẹ̀yà ìdarí ọkọ̀. Ẹ̀yà tó bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí ọ̀rọ̀ owó yóò fi parí, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣiyèméjì lè wá wò ó.

A tún bẹ̀ yín kí ẹ pe àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ní ọ́fíìsì lágbègbè yín, kí ẹ jẹ́ ká jọ fọwọ́ sí àdéhùn. Kí adíyelé wá wo ọkọ̀ tí a ti tú láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tí a bá ti fi àfikún ránṣẹ́. Bí kò bá gba ohun kan nínú rẹ̀, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó sì tọ́ka sí ojú ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ tó gbára lé. Owó ìgbọ́kọ̀sí fún ọjọ́ tó bá fi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kó má ṣe bọ́ sọ́rùn onímọ́tò. Kí wọ́n sì sọ fún un lórí ìwé pé ó ní ẹ̀tọ́ láti yan ṣọ́ọ̀bù tó bá wù ú.

Fún ìjà tí kò bá tán, ọ̀pọ̀ ìwé íńṣọ́ránsì ti ní ọ̀nà rẹ̀ nínú: onímọ́tò yóò yan adíyelé tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò yan tirẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì jọ yan ẹnì kẹta tó máa làjà. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lè yan ọ́fíìsì kan ní sẹkitéríàtì tí onímọ́tò yóò mú ìwé rẹ̀ lọ, tí wọn yóò fi han án, tí wọn yóò sì kọ orúkọ àwọn adíyelé tó ń gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sógiri, yóò tó.

Ẹgbẹ́ wa ti ṣe tán láti gbé àjákù irin, ẹ̀rọ ìsopọ̀ àti ẹ̀rọ ìwọ̀n wá síwájú ìgbìmọ̀ yín ní ọjọ́ tí ẹ bá dá, kí ẹ lè fojú ara yín rí bí àsopọ̀ tó dára àti èyí tí kò dára ṣe ń ya. A ń retí èsì yín.

Àwa ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Alága, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́