Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí o rò pé o mọ̀

Àjíkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. O ní Bíbélì òyìnbó ayé Ọba James ni ẹ ń lò, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1611. Ó dára, èdè rẹ̀ dùn létí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì sí ọ níbẹ̀ kọ́ ni kí o ṣọ́ra fún. Bí o bá pàdé "besom", wàá yẹ ìwé wò, wàá rí i pé ìgbálẹ̀ ni. Èyí tí o rò pé o mọ̀ ló ń ṣini lọ́nà.

Wo Jẹ́nẹ́sísì 1:29. Ọlọ́run fún èèyàn ní ewéko àti èso igi, ó ní "meat" ni yóò jẹ́ fún wọn. Àwọn ọmọ yẹn á bi ọ́ pé ìgbà wo ni èso di ẹran. Oúnjẹ yòówù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìtumọ̀ "prevent" nígbà náà ni kéèyàn ṣáájú ẹlòmíì. "Suffer" tí Jésù lò fún àwọn ọmọdé ní Máàkù 10:14, ìyọ̀ǹda ni, kò sí ìyà kankan níbẹ̀. "Let" inú Tẹsalóníkà Kejì 2:7 sì rèé, dídènà ni!

Èyí tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kọ́ wọn jù ni "thou". Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni. Rárá o. Ẹnì kan ṣoṣo ni "thou" àti "thee" ń bá wí. "Ye" àti "you" jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣí Lúùkù 22:31 àti 32. Jésù pe Símónì, ó ní Sátánì ń wá "you", kí ó lè kù wọ́n bí àlìkámà. Gbogbo àwọn àpọ́sítélì ló ń wí. Ó wá ní, ṣùgbọ́n mo ti gbàdúrà fún "thee". Pétérù nìkan nìyẹn. Ewu kan náà ló dé bá gbogbo wọn, ẹnì kan ni Olúwa sì dárúkọ nínú àdúrà, kí òun náà lè fún àwọn arákùnrin rẹ̀ lókun. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ò lè fi ìyẹn hàn ọ́, torí "you" ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀.

Kí o tó wọ kíláàsì, gbé Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí méjèèjì bá takora, wá dìkíṣọ́nárì ńlá tó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń jẹ́ láyé ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Má fi àbá ṣàlàyé fún ọmọ ọlọ́mọ.

Fi ẹsẹ tí ẹ máa kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ Sátidé. Bàbá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.