Fáìlì dókítà ló ń dá owó ẹ̀rọ CPAP dúró

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa fi èyí sójú ìwé nítorí àwọn òǹkàwé yín tó ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá wọn l'Amẹ́ríkà. Bí Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, bá kọ̀ tí kò sanwó CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú kí èémí má baà máa dá lójú oorun, ìnṣọ́ránsì la máa ń bú. Fáìlì dókítà ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Dókítà gbọ́dọ̀ ti rí aláìsàn lójúkojú kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò oorun, kó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀: pé ó ń hanrun, pé èémí rẹ̀ ń dá, pé oorun ń gbé e lọ lórí àga lọ́sàn-án gangan. Bí déètì àkọsílẹ̀ yẹn bá gbẹ̀yìn àyẹ̀wò, ó ti bàjẹ́. Kóòdù àìsàn náà, ìyẹn èémí tó ń dá lójú oorun nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun ń dí, ni G47.33. Ẹni tó bá fi G47.30 sí i, èyí tó ń sọ pé a ò mọ irú èyí tó jẹ́, ti fọwọ́ ara rẹ̀ da bíìlì nù.

Ó wá ku AHI, ìyẹn iye ìgbà tí èémí dá tàbí tó lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bó bá tó 15, tí àròpọ̀ rẹ̀ sì tó ìgbà 30, ọ̀rọ̀ parí. Láti 5 sí 14, ó ń fẹ́ alátìlẹyìn. Ká ní ìgbà 54 ni láàárín wákàtí 6, 9 nìyẹn. 9 kò lè dá dúró àfi kí dókítà kọ nǹkan bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọkàn tó, rọpárọsẹ̀ tó ti ṣe é rí, àìróorunsùn tàbí oorun ọ̀sán àsùnjù mọ́ ọn. Ibí ló ń dunni jù: Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ogún ọdún, ó wà nínú fáìlì dókítà tó ń rí i déédéé, dókítà oorun kò sì mẹ́nu bà á. Ẹ tún béèrè bóyá ìdínkù 4% nínú atẹ́gùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ka AHI náà. Èyí tí wọ́n fi 3% kà máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, Medicare ò sì gbà á.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni pàkúté tó burú jù. Láàárín ọjọ́ 31 sí 91 tí ẹ̀rọ ti wọlé, aláìsàn gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí dókítà kọ ọ́ pé ara ti ń mókun, àti pé òun ti wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó lọ lọ́jọ́ 20 kò tíì lọ. Bí ẹ̀rọ bá wọlé lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta, àárín oṣù kẹrin ni kẹ́ ẹ fi ìpàdé sí. Àkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4 ó kéré tán hàn fún òru 21 nínú ọjọ́ 30 tó tẹ̀ léra. Bí Bàbá bá sùn ní aago 11, tó dìde tọ̀ ní aago 2, tó sì ju máàsìkì sórí tábìlì títí ilẹ̀ fi mọ́, wákàtí 3 lẹ̀rọ kọ. Òru yẹn ṣòfò. Ọ̀pọ̀ máàsìkì ni rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn wá ṣeé yọ níbi imú: ẹ yọ rọ́bà, kí máàsìkì wà lójú, kẹ́ ẹ sì dá a padà tẹ́ ẹ bá dé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lọ sílé lọ wo ẹbí, kó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta. Iná tó lọ lóru n'Íbàdàn kò sí nínú àwíjàre tí Medicare ń gbọ́.

Láti oṣù kẹrin, bí ìpàdé àti òru wọ̀nyẹn kò bá pé, ilé iṣẹ́ tó gbé ẹ̀rọ wá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àmì KX, tó ń sọ pé gbogbo òfin ti pé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ E0601 tí í ṣe kóòdù ẹ̀rọ náà lórí bíìlì, owó á sì dúró. Ẹni tó kùnà á tún rí dókítà, á sì lọ sùn sí yàrá àyẹ̀wò. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé kò tó mọ́. Ẹni tó yege, oṣù 13 ni wọ́n fi ń san owó háyà, ẹ̀rọ á sì di tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ ìpàdé kejì yẹn, ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ dókítà, kẹ́ ẹ wo déètì rẹ̀ àti iye wákàtí tó kọ síbẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ kóòdù àti bíìlì ìwòsàn,
Houston, Texas